Ẹsẹ̀ Tó Ń Dunni àti Ẹsẹ̀ Tí Kò Dunni Mọ́: Ìtọ́jú Ìrora àti Ìpèníjà Ara fún Ẹni Tí Ẹ̀tẹ̀ Ṣe

Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ṣe lè tẹ ẹyin iná mọ́lẹ̀ kí ó má mọ̀, kí iṣan igbọ̀nwọ́ ẹni yìí kan náà sì máa ta á lóru débi pé kò ní lè sùn. Ibì kan náà ni ìrora tó pọ̀ jù àti ìrora tí kò sí rárá yìí ti ń wá. Kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀, èyí tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Gerhard Armauer Hansen, ṣàwárí ní ọdún 1873, kì í jẹ ìka bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Inú awọ àti inú iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ló ń wọ̀ sí. Ìka tí ẹ bá rí tó ti kúrú, iná tó jó o, ọgbẹ́ tí a kò tètè rí àti egbò tó wọ eegun ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ yìí ni a lè dènà nínú ilé, pẹ̀lú omi, òrí, bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu àti ojú tó ń ṣọ́ ara. Àwa Yorùbá tí a ń gbé Àbújá àti àwọn ìlú Òkè Ọya ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí oòrùn, ọyẹ́ àti èdè ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń fi kún ọ̀ràn náà.

Oògùn ni kí a kọ́kọ́ fi ọkàn sí. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ sínú páálí kan: rifampicin, dapsone àti clofazimine. Láti ọdún 1995 ni àwọn aláìsàn ti ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tí àbàwọ́n ara rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ sábà máa ń lò ó fún oṣù 6, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ a sì lò ó fún oṣù 12. Kí ẹ̀rù má bà yín bí ìtọ̀ bá pọ́n ní ọjọ́ tí ẹ lo rifampicin, tàbí bí awọ ara bá ń dúdú sí i. Clofazimine ló ń ṣe ti awọ, yóò sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá parí. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀, nítorí abẹ́ ètò kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kó àrùn méjèèjì sí. Ìlú Sàríà ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dá irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ wà. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó àrùn náà ran ẹlòmíràn mọ́, kò sì sí ìdí láti ya abọ́ tàbí yàrá rẹ̀ sọ́tọ̀. Oògùn náà ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè jí iṣan tó ti kú pátápátá.

Ní ti ìrora, ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí ara bá ń bá òkú kòkòrò tàbí ààyè rẹ̀ jà, iṣan lè wú, kí ó sì máa roni gan-an: lẹ́yìn igbọ̀nwọ́, níbi tó máa ń ta lọ sí ìka ọmọńdinrín bí a bá ṣèèṣì fi igbọ̀nwọ́ gbá tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta orúnkún, nísàlẹ̀ díẹ̀, tàbí lẹ́yìn kókósẹ̀ ti apá inú. Àbàwọ́n ara lè pọ́n kí ó sì wú, tàbí kí kókó pupa tó ń dunni sú lábẹ́ awọ pẹ̀lú ibà. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí ẹni náà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, nígbà tó ń lò ó lọ́wọ́, tàbí lẹ́yìn tó ti parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa rò pé oògùn ló ń bá àwọn jà, wọn a sì dá a dúró; ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀tẹ̀ lọ, ẹ gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà sinmi, kí ẹ sì wá ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí a bá tètè dé ibẹ̀, pàápàá kí oṣù mẹ́fà tó pé tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú tàbí tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, prednisolone, oògùn tó ń mú kí ìwú rọlẹ̀, lè gba iṣan náà là. Ìtọ́jú yìí máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má rà á ní kẹ́míìsì, ẹ má sì dédé dá a dúró: oògùn yìí lè gbé ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru dìde, ó sì lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn sínú ara.

Ìrora kejì kò ní kánjúkánjú, ṣùgbọ́n òun ló ń gba oorun lójú ẹni fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ti parí oògùn, tí àrùn sì ti kúrò lára rẹ̀, lè máa gbọ́ ìrora bí ẹni pé iná ń jó ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú àtẹ́lẹwọ́, tàbí bí ẹni pé iná mànàmáná gbé e. Kì í ṣe pé àrùn náà ti padà. Iṣan tó ti bà jẹ́ ló ń pariwo lásán. Paracetamol kì í sábà ran irú ìrora yìí, bí a sì ń gbé oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac mì lójoojúmọ́, inú àti kíndìnrín ni yóò san gbèsè rẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí dókítà lè kọ, bíi amitriptyline tàbí gabapentin, èyí tó ń mú kí iṣan rọlẹ̀.

Kí dókítà tó lè mọ èyí tí yóò kọ, ó gbọ́dọ̀ mọ irú ìrora tó jẹ́, èdè a sì máa dí wa lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Òkè Ọya, Hausa ni aláìsàn àti nọ́ọ̀sì fi ń gbọ́ ara wọn yé. Yorùbá tí kò gbọ́ Hausa dénú a kàn sọ pé "ciwo", nọ́ọ̀sì a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ń ro ó. Èyí tó ń ro kíkankíkan bí eéwo tó fẹ́ tú ni wọ́n ń pè ní zogi. Èyí tó ń ta bí ata tàbí bí iná ni raɗaɗi. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ẹ sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń lọ.

Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ duro díẹ̀ lórí omi gbígbóná, nítorí ìfẹ́ ló máa ń mú wa ṣe é. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro bàbá tàbí màmá, ọmọ Yorùbá a gbé omi kaná, a ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, a sì fi jó o. Lára ẹni tí iṣan rẹ̀ ti kú, aṣọ yẹn lè bó awọ kúrò láìjẹ́ pé ẹni náà sọ pé ó gbóná. Ẹ má jó o, ẹ má fi róbù tó ń ta ra á, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ibi tó ti kú? Ẹ ní kí ẹni náà di ojú, kí ẹ fi ẹnu báírò kan àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi mélòó kan, kí ó sì máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ kàn. Ibi tí kò bá lè tọ́ka sí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lóṣooṣù. Àjọ Ìlera Àgbáyé pín ìpèníjà ara yìí sí ìpele mẹ́ta: 0 ni ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan, 1 ni ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú ṣùgbọ́n tí ojú kò rí nǹkan kan, 2 ni èyí tí ojú ti ń rí. Ìpele 1 ni èmi ń bẹ̀rù jù, nítorí pé kò sí ẹni tó ń káàánú rẹ̀, kódà ẹni náà kì í káàánú ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó ti kú nílò ojú tí yóò máa wò ó lójoojúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka, kí ẹ lo dígí bí ẹ kò bá lè tẹ̀ ba. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tó pọ́n, tó wú, tó lé ròrò tàbí tó gbóná ju ibi yòókù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ẹsẹ̀ àti ọwọ́ bọ omi tútù lásán fún nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, ẹ fi òkúta ìhasẹ̀ ha awọ líle kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi òrí tàbí fasilíìnì pa á kí omi tó gbẹ lára rẹ̀. Òógùn kì í sun lára ibi tí iṣan ti kú, nítorí náà ni ó ṣe máa ń ya. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí ètè ẹni tí ara rẹ̀ pé pàápàá ń ya, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí ẹ ṣe é.

Fún ọwọ́, ẹ fi aṣọ tàbí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ibi tí a ń dì mú lára ọkọ́, ọ̀bẹ àti ìdérí ìkòkò. Ẹ má fi ọwọ́ dán omi búútà àlùwàlá wò, ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọwọ́ ẹlòmíràn ni kí ẹ fi dán an wò bí ibẹ̀ bá ṣì ń mọ ooru. Kọ́ọ̀bù onípáànù kò dára fún tíì. Bí ẹ bá ń gun ọ̀kadà, ẹ ṣọ́ra fún salẹ́ńsà. Eku a sì máa jẹ ìka tó ti kú lóru, nítorí náà ẹ fọ ọ̀rá oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn tí ẹ ti ki etí rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

Bàtà tó dára ní inú tó rọ̀, ìsàlẹ̀ tó le tí ẹ̀gún kò lè gún já, àti okùn tó di gìgísẹ̀ mú. Sílípáàsì tí a ń fi ìka há kò yẹ, nítorí pé ìka tó ti kú kò lè dì í mú, okùn rẹ̀ a sì máa gé àárín ìka. Bàtà onííṣó kò yẹ rárá. Bí bàtà bá jẹ́ tuntun, ẹ wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan péré, kí ẹ bọ́ ọ wo ẹsẹ̀. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ máa ṣísẹ̀ kéékèèké, ẹ sì máa jókòó sinmi lójú ọ̀nà.

Bí egbò bá ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ibi gíga, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni kí ẹ fi rìn. Egbò tó ń rùn, tó jìn, tàbí tó mú ibà wá ti kọjá iṣẹ́ ilé. Oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, Paul Brand, tó ṣiṣẹ́ ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà láti ọdún 1946, wà lára àwọn tó fi hàn pé egbò bẹ́ẹ̀ lè san bí ti ẹnikẹ́ni bí a kò bá ṣá ti tún un ṣe léṣe. Òun náà ló kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń gbé iṣan líle tó ṣì lágbára, irú èyí tó so ẹran ara mọ́ eegun, lọ sí ibòmíràn kí ìka tó ti ká lè nà. Kí ẹni tí ìka rẹ̀ ti ń ká tó dé orí iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kí ó máa fi òróró pa á, kí ó gbé ọwọ́ lé itan, kí ó sì máa fi ọwọ́ kejì nà án jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, kí oríkèé má bàa gan.

Ojú tí kò lè pàdé mọ́ nílò kí ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ máa ṣẹ́jú, kí ó wọ awò dúdú lọ́sàn-án nítorí iyanrìn àti ọyẹ́, kí ó sì fi aṣọ mímọ́ bo ojú sùn. Ojú tó bá pọ́n tó sì ń dunni kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Òwe yẹn mọ̀ pé ọwọ́ kò lágbára, ṣùgbọ́n ìkà ló kà á sí ẹni náà lọ́rùn. Ẹ yé fi bá aláìsàn wí. Àwọn tí wọ́n ń gbé Alheri, abúlé àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ṣe ní Yangoji, ní agbègbè Kwali ní Àbújá, ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, kàn wọ́n pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ibi tó ti kú sí dání, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò pọ̀, àgbo pẹ̀lú, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ, kì í ṣe èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí inú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ náà yóò ti rí ibi tí egbò tó ń bọ̀ yóò ti yọ.