Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Thermostat Ọkọ̀ Yín

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi nísọ̀ mẹkáníìkì mi ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta: "Ọ̀gá, mọ́tò yìí ń jẹ epo jù."

Gáàjì ooru ẹ́ńjìnì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Awakọ̀ Micra kan wa ọkọ̀ láti Kútọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ gáàjì ooru ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo tú ojú ibi tí họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ti wọ ẹ́ńjìnì: òfo! Mẹkáníìkì tó ṣe é kẹ́yìn ti yọ thermostat, ó ní oòrùn ilẹ̀ wa ò nílò rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Thermostat ló ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná dé nǹkan bíi 82 sí 90 ní ìwọ̀n Celsius, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un lọ sí rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ò ní tètè yá, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnì, á sì máa da epo kún epo fún un bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì láàárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, pàápàá tòkunbọ̀, ẹ fi okùn so ó, kí ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná. Ẹ dúró tì í. Kí omi tó hó, ẹ ó rí i tí àwo kékeré àárín rẹ̀ ń rọra là. Ẹ gbé e jáde, kó padà dé. Èyí tí omi hó tí kò là, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, torí irú rẹ̀ ló ń mú ẹ́ńjìnì hó.

A wọ òmíràn sí Micra yẹn. Ká tó wà á dé Ìbarà, abẹ́rẹ́ ti dúró láàárín.

Táyà ńkọ́? Iye atẹ́gùn tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde. Táyà tó ti gbóná máa ń purọ́.

Ẹ̀yin oní-dísẹ́ẹ̀lì, èéfín dúdú tí ọkọ̀ yín ń tú bó bá ń pọ́n òkè, epo tí kò jó tán ni. Kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì yín, ẹ yọ fílítà atẹ́gùn wò. Eruku lè ti dí i pa.

Àti fíríì jíà tí àwọn awakọ̀ wa fẹ́ràn bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lókè: ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Bí ọkọ̀ oní-brain box bá wà nínú jíà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó ń ti epo pa fúnra rẹ̀ ni. Ní fíríì, ẹ́ńjìnì á ṣì máa jẹ epo kó má baà kú, búrékì nìkan ló sì kù tó ń di yín mú.