Kí ẹ tó ra síìmù ní Accra: ọ̀rọ̀ sí ọmọ Àkúrẹ́ tó ń lọ sí Gáná

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí ẹnì kan kò ní dá mi dúró ní Ọjà Ọba tàbí ní Alágbàkà kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ máa lọ sí Gáná o. Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" Ohun tí wọ́n ń retí ni kí n sọ iye tí wọ́n ń gba ilé, ibi tí iṣẹ́ wà, bóyá kẹ́ńkẹ́ dùn ju ẹ̀kọ lọ. Ìbéèrè tèmi ló máa ń ṣáájú: "Orúkọ wo ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ, báwo ni wọ́n sì ṣe tò ó?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Accra, owó ilé kò fìyà jẹ mí tó orúkọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni mo ń jẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa: ti ìdílé, ti àbísọ, ti ìsàmì. Ọmọbìnrin tó bá mi fi orúkọ síìmù sílẹ̀ fi ti ìsàmì ṣíwájú, ó ki ti ìdílé bọ àárín, ó sì fo lẹ́tà kan nínú ti àbísọ. Mo rí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní ìyẹn ò pa èèyàn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, fóònù mi bọ́ sọnù nínú trotro (dánfó ti ibẹ̀) láàárín Madina sí Circle, owó ilé ọdún kan sì wà lórí síìmù inú rẹ̀. (Onílé níbẹ̀ á béèrè owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni òfin sọ.) Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni láìnì, wọ́n ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Orúkọ orí káàdì ọ̀tọ̀, ti orí síìmù ọ̀tọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, tí onílé ń pè mí láràárọ̀.

Owó ṣe wá dé orí síìmù? Ibí yìí lọmọ Àkúrẹ́ ti máa ń ya ẹnu. Nílé níbí, báǹkì tàbí áàpù lowó wa wà. Ẹni tó ń ṣe POS lẹ́bàá ọ̀nà Ọba Adésídà, káàdì ATM tàbí tiransifáà ló fi ń dá yín lóhùn. Ní Gáná, nọ́ńbà fóònù gan-an ni àpò owó. MoMo ni wọ́n ń pè é. MTN gbé e débẹ̀ ní 2009, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kù ṣe tiwọn, nígbà tó sì di 2018 wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí ẹni tó wà lórí ọ̀kan fi lè fowó ránṣẹ́ sórí òmíràn. Ìyá oníwààkyé, awakọ̀ takisí, ṣọ́ọ̀ṣì, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, MoMo ni. Kò tilẹ̀ bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó o: *170# bó bá jẹ́ MTN, *110# bó bá jẹ́ Telecel.

Ẹ ó bá obìnrin kan tó ń ṣe MoMo lábẹ́ agboòrùn yẹ́lò, ẹ ó ní ẹ fẹ́ gbowó, á wò yín títí. Ohun méjì ló ń dúró dè. Àkọ́kọ́, ẹ ní láti fọwọ́ sí i lórí fóònù tiyín pé kí wọ́n yọ owó náà. Allow Cash Out ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe é, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Èkejì ni káàdì ìdánimọ̀, torí láti April 2021 ni MTN ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá ń gbowó. Ẹ má bá a jà. Ẹ̀rí yín ló ń béèrè, kì í ṣe pé ó fojú olè wò yín.

Ẹ lè gbọ́ tí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ń kùn nípa E-levy. Owó orí ni, 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ láti May 2022. Wọ́n dín in kù sí 1 ní 2023, wọ́n fagi lé e ní April 2025. Ẹni tó bá ní òun ń yọ E-levy lórí owó yín lónìí, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku káàdì. Bí Nàìjíríà ṣe so síìmù mọ́ NIN ni Gáná so tiwọn mọ́ Ghana Card, káàdì ìdánimọ̀ wọn. October 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, May 31, 2023 ni wọ́n tilẹ̀kùn, láìnì tí kò ní káàdì sì kú lóòótọ́. National Identification Authority ló ń ṣe káàdì náà. Ọmọ ECOWAS ni wá, a lè wọ̀lú ká lo ọjọ́ 90 láìgba físà, páásípọ́ọ̀tù sì tó láti fi gba síìmù àlejò láàárín ìgbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á gba káàdì ti àjèjì. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀, ọdọọdún sì ni wọ́n ń tún un ṣe, torí náà ẹ kà á mọ́ owó ìrìn àjò láti ilé. Nọ́ńbà orí káàdì ọmọ onílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GHA, tiwa pẹ̀lú NGA. Síìmù mẹ́wàá ló pọ̀ jù lórí orúkọ kan.

Torí owó káàdì yìí lọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe máa ń bẹ ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọmọ Gáná pé kó bá àwọn fi tirẹ̀ gba síìmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tiyín. Owó tó wà lórí rẹ̀, lójú òfin, tirẹ̀ ni. Ẹ ṣáà jà lọ́jọ́ kan, kó wọ ṣọ́ọ̀bù, kó ní síìmù òun sọnù. Wọ́n á fún un ní tuntun, owó yín á tẹ̀ lé e lọ sílé. Bí ẹ bá sì fi láìnì náà ṣe ohun tí kò dáa, òun lọlọ́pàá á wá kàn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Gáná tó gbọ́n kì í fi gbà. Mo mọ ẹnì kan tó bínú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún kan gbáko, ọ̀rẹ́ yẹn ló ṣe é lóore jù.

Àwọn bàbá wa mọ ohun tí àìníwèé lè fà ní Gáná. Ní November 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tajà ní Kumasi àti Tamale di ẹrù lọ́gánjọ́, àwọn mìíràn fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ayé ìgbà yẹn kọ́ la wà, ECOWAS ti dé láti 1975. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ yẹn, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wojú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn. Láti 2019, nígbà tí Ursula Owusu-Ekuful jẹ́ mínísítà ìbánisọ̀rọ̀, ni ìjọba Gáná ti pàṣẹ pé dátà tí èèyàn kò lò kò gbọdọ̀ jóná. Kó tẹ̀ lé èyí tó bá tún rà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé: lóru ọjọ́ ọgbọ̀n, èèyàn á máa wo fíìmù tí kò fẹ́ wò, nítorí kí gìgábáìtì mẹ́ta má baà ṣòfò. Mo dé Accra, mo ra dátà, mo gbàgbé rẹ̀ fún oṣù méjì, mo padà bá a níbẹ̀. Mo fẹ́ sunkún. Àmọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó rà, torí àwọn èyí tó pọ́ọ́kú kan wà tó ní ọjọ́ tirẹ̀. Bundle ni wọ́n ń pe dátà, credit ni wọ́n ń pe owó ìpè. Ẹ má béèrè "káàdì" lọ́wọ́ wọn, wọ́n á rò pé ti ìdánimọ̀ lẹ ń wá. Nọ́ńbà wọn jẹ́ mẹ́wàá, tiwa mọ́kànlá, kò sí èyí tó já sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí iná bá sì ń lọ, tó ń dé, dumsor ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò àlàyé.

Ní March 14, 2024, èmi àti àbúrò mi tó wà ní Ìjàpọ̀ ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó kàn dá wáí. Èmi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ni, òun rò pé ti Gáná ni. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan. Nínú márùn-ún tó wọ Gáná nígbà náà, Glo-1 nìkan ló ṣẹ́ kù. Okùn wọ̀nyí ń ti Yúróòpù bọ̀, wọ́n ń gba etíkun wa wá láti ìlú dé ìlú, torí náà ohun tó bá ṣe Abidjan, Accra á gbọ́, Àkúrẹ́ náà á gbọ́. Ilé iṣẹ́ MainOne sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló gbà. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi fọ́ọ̀mù kankan di ọjọ́ tó kẹ́yìn mọ́, cedi (owó Gáná) díẹ̀ kì í sì í wọ́n nínú àpò mi.

Ní ti òfin, National Communications Authority, tí gbogbo wọn ń pè ní NCA, ni NCC ti ibẹ̀, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá yọ owó yín lọ́nà tí kò yé yín, ilé iṣẹ́ tó ni láìnì lẹ ó kọ́kọ́ bá, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi yín ṣeré, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá NCA. Láìsí nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn, ẹ kàn ń rojọ́ lásán ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá sì sú yín, láti 2011 ni èèyàn ti lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sórí òmíràn.

Gáná kì í fẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ní 2016, ọ̀gá ọlọ́pàá wọn ní ó ṣeé ṣe káwọn ti WhatsApp àtàwọn bíi tirẹ̀ pa lọ́jọ́ ìdìbò. Ariwo ta, Ààrẹ Mahama ní rárá, wọn kò sì tì í. Nígbà tí Twitter ní 2021 ní Accra làwọn máa gbé ọ́fíìsì àwọn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà sí, inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa láti June 2021 di January 2022, a wá pa ẹnu mọ́. (Ọ́fíìsì Accra náà kò pẹ́: November 2022 ni wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.)

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn rò pé ohun tó bá wu òun lòun lè pín kiri. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ wọn ti 2008, ní abala 76, ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ tó lè kó èèyàn sí wàhálà ránṣẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura. Òfin ọ̀daràn wọn ti 1960 náà ní abala 208 lórí ìròyìn èké tó ń dẹ́rù ba ará ìlú, àwọn oníròyìn ti fojú winá rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń rí ní WhatsApp ẹbí, "ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá", ẹ jẹ́ kó parí sórí fóònù yín. Àjèjì ni yín, ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n ní tésàn.

Oníjìbìtì MoMo á pè yín lọ́sẹ̀ tí ẹ bá dé. Á ní òun ṣèèṣì fowó ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ dá a padà, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọlé tó jọ ti owó. Ẹ wo ẹni tó fi í ránṣẹ́: ti MTN gidi, MobileMoney ló máa ń jẹ́, kì í ti orí nọ́ńbà ẹnì kan wá. Kí ẹ sì wo iye tó wà lápò yín kí ẹ tó dá ohunkóhun padà. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, 292 ni nọ́ńbà Cyber Security Authority, àjọ ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ pè é tètè, torí sakawa ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, Nàìjíríà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń na ìka sí.

Ó ku láìnì ti ilé. Ẹ má sọ ọ́ nù! BVN yín, OTP báǹkì yín, WhatsApp yín, òun ni gbogbo rẹ̀ dì mọ́. Bí láìnì Nàìjíríà bá lo ọjọ́ 180 láìṣiṣẹ́, wọ́n lè tì í. Bí 180 mìíràn bá kọjá lé e, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ ṣètò roaming kí ẹ tó gbéra, tàbí kí ẹ ṣe bíi tèmi: fóònù kékeré kan wà lórí àga ìyá mi ní Òkè-Àró, ó ń fi ọgọ́rùn-ún náírà sí i lóṣooṣù, bí OTP bá wọlé á pè mí, á kà á fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹyin. Ìyá ẹni lèyí o, kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Kí ẹ sì tún orúkọ orí NIN ṣe nílé bí kò bá bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, torí àtúnṣe ti òkèèrè le. Bí ọmọ Gáná bá béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí yín, tó sì sọ yín ní Kofi tàbí Yaa, ẹ gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún tèmi ṣe níkẹyìn, ọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní kí n pe orúkọ mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo pè é, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣì í. Mo gba bírò ọwọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rìsíìtì, láìsí àmì, láìsí dídá lẹ́tà kọ, bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́. Ó wò ó, ó ní, "Oh, bó ṣe gùn tó nìyí?" Rìsíìtì yẹn ṣì wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi. Ẹ kọ tiyín kí ẹ tó wọkọ̀ ní Àkúrẹ́.