Ẹ Jẹ́ Kí Òkùnkùn Ṣú fún Adìẹ Tí Kò Tíì Yé
Ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùsin adìẹ ní Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́ àti Ìpetumodù

Látìgbà tí iná sólà ti wọ́pọ̀, ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́: adìẹ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin ń yé, ẹyin rẹ̀ ò ju ti ẹyẹlé lọ, ìdí rẹ̀ ń yọ síta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣá a níbẹ̀ títí á fi kú. Ẹ̀yin á ní oúnjẹ ni, tàbí pé ẹni tó ta ọmọ adìẹ ló rẹ́ yín jẹ. Iná tẹ́ ẹ tàn mọ́jú ni. Ẹ ti mọ omi, ẹ ti mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára. A ò ní sọ ìyẹn níbí.

Inú ọpọlọ ni ìbàlágà adìẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba egungun orí kọjá dé apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus. Adìẹ tó fọ́jú pàápàá ń mọ̀ pé ilẹ̀ ò tètè ṣú mọ́. Bí ọjọ́ bá ti gùn, apá yìí á tú èròjà kan sílẹ̀, GnRH. GnRH ló ń mú kí pituitary, ẹ̀yà kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, da họ́mónù méjì, LH àti FSH, sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ń jí ilé ẹyin, ni ogbe á bá pọ́n, egungun ìdí á sì là. Èròjà míì, GnIH, tí àwọn onímọ̀ Japan rí lára àparò lọ́dún 2000, ló ń fa LH àti FSH sẹ́yìn. Lára àparò náà ni wọ́n ti rí i pé òkùnkùn òru ló ń fún un lágbára. Ẹ̀yin wá gba òkùnkùn yẹn lọ́wọ́ adìẹ yín.

Ọmọ ọjọ́ kan sí ọjọ́ méje: ìmọ́lẹ̀ wákàtí 22 lójúmọ́. Ẹ máa dín in kù títí á fi di wákàtí 12 ní òpin ọ̀sẹ̀ 5; bí òtútù bá ń mú wọn, ìkòkò èédú la fi ń mú ilé gbóná, kì í ṣe gílóòbù. Láti ibẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ 17, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ nìkan. Nífẹ̀ níbí, ojúmọmọ kì í ju nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ ní oṣù Kẹfà, kì í sì í dín púpọ̀ sí 12 ní oṣù Kejìlá. Ó tó wọn.

Iná wákàtí mẹ́ta péré lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù olè, ẹ gbé iná síta, kí ó kọjú sí ọ̀nà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ilé adìẹ. Àwọn kan ń kun gílóòbù ní pupa, wọ́n ní adìẹ ò rí i. Ìmọ́lẹ̀ pupa gan-an ló ń gba egungun orí kọjá jù! Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ 17, ẹ wọn adìẹ 50, kí ẹ mú wọn káàkiri ilé, kì í ṣe àwọn tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ lò. Fún adìẹ pupa, ìpíndọ́gba gbọ́dọ̀ tó kílò 1.4, kí ó kéré tán 40 nínú 50 náà wà láàárín kílò 1.26 sí 1.54. Bí kò bá tó, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá tó, ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún iná lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi pé wákàtí 16, kó sì dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi tà wọ́n. Ẹ ra ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ bá fi sídìí rẹ̀ á sùn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹyin ní ọ̀sẹ̀ 15 á rí i, kékeré bíntín. Kó gbé e lọ sí ọjà Odò-Ògbè, kó wo iye tí wọ́n á dá lé kéréètì rẹ̀.

Bí tiyín bá ti ń yé láìtọ́jọ́, ẹ má ṣe dá iná padà sí wákàtí 12 lójijì: ẹyin á dáwọ́ dúró, ìyẹ́ á sì máa re. Ẹ fi í sí 14, kẹ́ ẹ má fi kún un títí wọ́n á fi tó kílò 1.5. Bí ẹyin bá ti pé 5 lójúmọ́ nínú adìẹ 100, ẹ bọ́ sórí oúnjẹ ẹlẹ́yin. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá ti yọ, ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.