Bí a ṣe ń wo sinimá kábọ́ì àtijọ́ kí èrò wa tó lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí sinimá kábọ́ì àtijọ́, ẹ má tíì dá sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ẹ̀dà wo ni kálukú wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè lórúkọ kan náà: ọ̀kan rí odindi, èkejì rí èyí tí wọ́n ti gé.

Nítorí náà, iye ìṣẹ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. The Good, the Bad and the Ugly tí Sergio Leone ṣe ní 1966 gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 177 ní Ítálì, ṣùgbọ́n 161 ni èyí tí wọ́n gbé dé Amẹ́ríkà. Once Upon a Time in the West, eré 1968, pàdánù nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ́nà kan náà. The Wild Bunch (1969) jẹ́ ìṣẹ́jú 145 ní odindi, wọ́n sì yọ nǹkan bí 10 nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó jáde. Ìran tó sọ bí Pike àti Thornton, ọ̀rẹ́ àtijọ́ méjì inú eré náà, ṣe di ọ̀tá ara wọn wà lára èyí tó lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò yé òun, ó ṣeé ṣe kó má jẹ̀bi.

Ohùn náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ya àwòrán tán ni àwọn ará Ítálì máa ń fi ohùn sí i, nítorí náà ètè àti ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu nínú eré Leone, yálà Gẹ̀ẹ́sì lẹ yàn tàbí èdè Ítálì. Ní 2003, nígbà tí wọ́n dá àwọn ìran kan padà sínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì eré 1966 yẹn, Clint Eastwood àti Eli Wallach, òṣèré inú rẹ̀, tún wá sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ ogbó. Lee Van Cleef, ẹnìkẹta wọn, ti kú ní 1989, ẹlòmíràn ló sọ tirẹ̀. Bí ohùn bá ṣàdédé gbó lẹ́nu ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì gbó, ìran tí wọ́n dá padà lẹ ń wò. Ẹ má fi dá òṣèré lẹ́bi.

Ẹ wá yẹ bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó wò. High Noon (1952) jẹ́ ìbú 1.37 sí gíga 1. Tẹlifíṣọ̀n òde òní jẹ́ 1.78. Ó yẹ kí òkùnkùn wà ní ọ̀tún àti òsì. Bí àwòrán bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n bámúbámú, ohun méjì ló lè fà á. Ẹ wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin: bó bá rí bí ẹyin, wọ́n ti fà á gbọọrọ. Bó bá rí roboto àmọ́ tí fìlà àwọn ènìyàn ń gé lókè, wọ́n ti rẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ dànù. Àwọn eré Leone fẹ̀ tó 2.35, òkùnkùn tiwọn wà lókè àti nísàlẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gé. Eré Shane nìkan ló ṣòroó dá lẹ́jọ́: 1.37 ni George Stevens yà á, ṣùgbọ́n 1.66 ni wọ́n fi hàn ní sinimá ní 1953. Ẹ wo 1.37, mo dúró lórí ìyẹn.

Lórí tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ pa ètò tó ń mú kí àwòrán máa yọ́ bíi fídíò. Àwòrán 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ń ki àwòrán èké sáàárín wọn yóò jẹ́ kí aginjù Utah dà bí ilé ìyàwòrán. Ẹ má sì tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìran òru inú eré wọ̀nyí, lábẹ́ oòrùn ni wọ́n ti yà á, tí wọ́n fi dígí tàbí iṣẹ́ ìfọ̀wòrán sọ ọ́ di òru. Òjìji tó mú ṣáká lórí ilẹ̀ ló ń tú u fó. Tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ óò rí ọkùnrin tó ń gbé fìtílà kiri ní ọ̀sán gangan.

Ẹ wo eré náà lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Nígbà kejì, ẹ mú bírò. High Noon dára fún ìdánrawò: ìṣẹ́jú 85 péré ni, aago ara ògiri sì ń yọjú léraléra bí gbogbo ìlú ṣe ń retí ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán tó ń gbé apànìyàn kan bọ̀. Gbogbo ìgbà tí aago bá yọ, ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí eré ti lò. Ẹ óò rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń rìn. Ìgbà náà ni ẹ tó lè sọ ìdí tí ọkàn yín fi ń lù kìkì, tí kò fi jẹ́ pé “ó dùn” nìkan lẹ ní lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo Rio Bravo (1959). Howard Hawks ṣe é láti fèsì: inú rẹ̀ kò dùn sí olórí ọlọ́pàá inú High Noon tó ń lọ láti ilé dé ilé tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ṣe jiyàn lórí ọ̀kan láìrí èkejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Èrò tó ṣeé dá lóhùn ní ohun mẹ́ta: ohun tẹ́ ẹ sọ, ibi tó wà nínú eré, àti ohun tí ibẹ̀ ṣe. “Eré The Searchers kórìíra àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà” kò tíì tó. Ṣé Ethan, tí John Wayne ṣe, ló kórìíra wọn, àbí eré náà fúnra rẹ̀? Ẹni tó bá ní Ethan ni, kó tọ́ka sí ilẹ̀kùn tó ṣí níbẹ̀rẹ̀, tó sì tì mọ́ ọn síta níparí. Ẹni tó bá ní eré náà ni, kó rántí pé Henry Brandon, ọmọ tí wọ́n bí ní Jámánì, ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn Comanche, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan. Ẹ̀rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìdí nìyí tí eré 1956 yìí kò fi tán lẹ́nu ènìyàn.

Lórí ìtàn àti ìbọn, ẹ rọra. Ìbọn gígùn tí Wayne ń fi ọwọ́ kan yí nínú Stagecoach (1939) jẹ́ irú Winchester tó jáde ní 1892, bẹ́ẹ̀ Geronimo, jagunjagun Apache tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù nínú eré náà, ti juwọ́ sílẹ̀ ní 1886. Ìbọn ìléwọ́ Colt 1873 ń gba ọta 6, ọ̀pọ̀ sì ń ki 5 kó má baà yìn fúnra rẹ̀. Ẹ lè kà á. Àmọ́ kò sí ẹni tó tìtorí ọta keje sọ pé eré kan kò dára, àfi ẹni tó ti pinnu tẹ́lẹ̀.

Eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n gba sùúrù. Gunsmoke ṣe ìpín 635 láàárín 1955 sí 1975. Ẹ mú ìpín 2 nínú ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìbẹ̀rẹ̀, 2 nínú ti wákàtí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, 2 nínú aláwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Àwọn kúkúrú yẹn ló lágbára jù lójú mi. Wọ́n ti fi orúkọ Marshal Dillon tà wọ́n rí, ẹ má rò pé eré mìíràn ni. Bonanza ní tirẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ láti 1959, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ sọ sáà tẹ́ ẹ ń sọ: nínú àwọn òṣèré rẹ̀, Pernell Roberts kúrò ní 1965, Dan Blocker kú ní 1972, ilé náà kò sì rí bákan náà mọ́ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnìkan bá ta kò yín, ẹ béèrè ìṣẹ́jú tó ń sọ, ẹ padà lọ wo márùn-ún ṣáájú rẹ̀ àti márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tó fèsì. Bó bá jẹ́ ìparí eré lẹ fẹ́ tú, ẹ kìlọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ti rí eré 1952.