Wáráǹtì Píkọ́ọ̀pù Oníná Mi Fẹ́ Parí: Bí Mo Ṣe Pinnu Pé N Kò Ní Tà Á

Píkọ́ọ̀pù oníná Ford F-150 Lightning ti ọdún 2022 ni mò ń wà ní Houston, èyí tó ní bátìrì ńlá. Iṣẹ́ ayẹyẹ ni èmi àti ìyàwó mi ń ṣe: àga, tábìlì, kánópì àti oúnjẹ, fún àwọn ènìyàn wa tó ń ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà. Láti Alief dé Katy, nígbà mìíràn títí dé Dallas. Abájọ tí máìlì ọkọ̀ náà fi yára gòkè. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé 100,000, ẹni tó bá ti rí i ló ń sọ fún mi pé kí n tètè tà á kí wáráǹtì tó parí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ọkọ̀ epo ṣe, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, sọ ọ́ láìfi bò: "Àbúrò mi, tí bátìrì yẹn bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, owó tó o fẹ́ fi kọ́lé ní Ìjẹ̀bú lo máa kó fún wọn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe le sí ná."

Ìwé wáráǹtì ni mo kọ́kọ́ mú jókòó tì. Ti gbogbo ara ọkọ̀ jẹ́ ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì. Ìyẹn ti lọ tipẹ́. Ti bátìrì ńlá, ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, àti èyí tó ń gba iná wọlé jẹ́ ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń gbé e padà sílé, ọdún ló sábà máa ń kọ́kọ́ pé. Fún àwa tí a ń fi ọkọ̀ jẹun, máìlì ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yẹn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ oníná kà dáadáa. Tí bátìrì bá ń gbó díẹ̀díẹ̀, wọn kò ní pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ àfi tí agbára tó kù nínú rẹ̀ bá ti wálẹ̀ kọjá 70% ti ìgbà tó wà ní tuntun. Ìyẹn ni pé bátìrì tó ku 85% tàbí 75%, ì báà jẹ́ pé ọ̀la ni wáráǹtì máa parí tàbí ọdún mẹ́ta òní, olówó ọkọ̀ ló ni ín bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa pàdánù gan-an ni ààbò lórí kí nǹkan dédé bàjẹ́ lójijì. Láti ìgbà tí èyí ti yé mi ni ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀, torí mo ti mọ ohun tí mo ní láti wá.

Ọ̀nà méjì ni mo fi wọn bátìrì náà. Mo wa ọkọ̀ títí ó fi ku 10%, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta iná kíákíá, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn Texas tó mú, mo sì jẹ́ kó gba ṣáàjì dé 90%. Ojú ẹ̀rọ náà máa ń kọ iye kWh, ìyẹn ìwọ̀n iná, tó tà fún ènìyàn. 95 ló kọ fún mi. Nígbà tí bátìrì yìí wà ní tuntun, 131 kWh ló ṣeé lò nínú rẹ̀. Tí 95 bá jẹ́ 80%, a jẹ́ pé odindi rẹ̀ á tó nǹkan bí 119, tí í ṣe díẹ̀ lé ní 90% ti àtilẹ̀bá. Ọkọ̀ náà ń lo díẹ̀ nínú iná yẹn láti fi tu bátìrì lára bó ṣe ń gbà á, nítorí náà mo mọ̀ pé iye gidi á dín sí i. Ẹ má fi iná ilé ṣe ìṣirò yìí o. Iná ilé gbọ́dọ̀ yí padà kí bátìrì tó lè gbà á, èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà sì pọ̀ débi tí ìṣirò á fi ṣì yín lọ́nà.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn, tó ń fi Bluetooth bá áàpù kan lórí fóònù sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé agbára bátìrì ku 88%. Àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó láti gbà gbọ́.

Àmọ́ iye yẹn kọ́ ni mo tẹjú mọ́ jù. Sẹ́ẹ̀lì rẹpẹtẹ ló wà nínú bátìrì náà, wọ́n so wọ́n tẹ̀léra, èyí tó bá sì kọ́kọ́ rẹ̀ ló máa dá gbogbo ìyókù dúró. Áàpù yẹn máa ń kọ fólítì sẹ́ẹ̀lì tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù. Mo wò ó nígbà tí bátìrì kún, mo tún wò ó nígbà tí iná ti fẹ́ tán nínú rẹ̀, torí ìgbà tí iná bá lọ sílẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó lárùn máa ń yà kúrò lára àwọn yòókù. Àlàfo àárín wọn kéré gan-an nígbà méjèèjì. Lójú tèmi, bátìrì tó ku 80% tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dọ́gba sàn ju èyí tó ku 92% tí ọ̀kan nínú wọn ti ń rá lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún Lightning ṣe, kí máìlì tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nípò tí mo wà, ẹ má jẹ́ kí èyí fò yín ru. Mo ní kí wọ́n ka gbogbo àmì àléébù tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ńlá ń jò sára irin ọkọ̀, kí wọ́n wo omi tó ń tu bátìrì lára bóyá ó ń dín, kí wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún mi. Mo san owó àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá rí nǹkan lọ́jọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ ló máa gbé e. Tí wọ́n bá rí i ní oṣù tó tẹ̀ lé e, èmi ni. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n rí lábẹ́ ọkọ̀ kò ju ohun tí ọkọ̀ epo náà ń ní lọ: rọ́bà ẹsẹ̀ iwájú ti ń gbó, táyà sì ti jẹ. Píkọ́ọ̀pù yìí wúwo, ó ju 6,000 pọ́n-ùn lọ, ó sì máa ń jẹ táyà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Bíréèkì rẹ̀ ṣì nípọn, torí ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ náà ló ń dá ọkọ̀ dúró lọ́pọ̀ ìgbà tó sì ń dá iná padà sínú bátìrì. Mo pààrọ̀ bátìrì kékeré ti fólítì 12 láì dúró kó kú, nítorí òun ló ń jí gbogbo ọkọ̀. Tó bá kú, bátìrì ńlá lè kún bámúbámú kí ọkọ̀ má sì dìde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mo béèrè iye tí wọ́n máa rà á, kò tó ìdajì iye tí mo rà á. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí ẹ̀dínwó owó orí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná, èyí tó lè tó 7,500 dọ́là fún tuntun àti 4,000 fún àlòkù. Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Ford kéde pé àwọn kò ní ṣe Lightning oníná pọ́nbélé mọ́, pé èyí tó ń bọ̀ máa ní ẹ́ńjìnnì tí yóò máa pèsè iná fún bátìrì. Ìyẹn mú kí n ro ọ̀rọ̀ pátì, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí a máa fi pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́, dáadáa. Yàrá ọkọ̀, ilẹ̀kùn àti gíláàsì rẹ̀ bá ti F-150 elépo dọ́gba, wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀. Bátìrì ló le. Odindi rẹ̀ ní tuntun ju iye tí ọkọ̀ náà máa tà lọ, àmọ́ abala-abala ni wọ́n tò ó, wọ́n sì lè yọ abala kan pààrọ̀ láì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ní Texas pẹ̀lú, 200 dọ́là ni olówó ọkọ̀ oníná ń san lé owó ìwé ọkọ̀ lọ́dọọdún láti ọdún 2023, mo fi ìyẹn kún ìṣirò.

Mo wá bi ara mi pé, báwo ni bátìrì yìí ṣe lè gbó tó kó tó di pé kò wúlò fún iṣẹ́ wa mọ́? Nígbà tó wà ní tuntun, 320 máìlì ni ìjọba kọ pé ó lè rìn tí bátìrì bá kún. Tí mo bá so tírélà kánópì mọ́ ọn, ó máa ń dín sí nǹkan bí ìdajì. Tó bá wálẹ̀ dé 70%, a jẹ́ pé 224 máìlì, tàbí nǹkan bí 112 pẹ̀lú tírélà. Iṣẹ́ wa láàárín Houston kì í tó bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Dallas nìkan ló máa nira, mo sì lè háyà ọkọ̀ epo fún ìyẹn.

Ìyàwó mi ló tún rán mi létí ohun tí kò sí nínú ìṣirò mi. Nígbà tí ìjì Beryl jà lọ́jọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, tí iná lọ ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ihò iná tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yìí la ki wáyà fírísà bọ̀, ẹran ewúrẹ́ àti ẹja tí a fẹ́ fi ṣe òde kún inú rẹ̀. A fa wáyà kọjá fẹ́ǹsì sí fíríìjì ìyá tó múlé gbè wá, nítorí oògùn àtọ̀gbẹ wọn. Títí di òní, tí a bá lọ sóde, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni àwọn onílù ń ki ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn bọ̀. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí èéfín lórí oúnjẹ, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ àdúrà àwọn àgbà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pariwo.

Mo ka ìwé àwọn tó ń ta wáráǹtì àfikún. Àwọn tí mo kà yọ gbígbó bátìrì kúrò, wọ́n sì kó àwíjàre jọ sí abẹ́ ìyókù. Nítorí náà, èmi àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ èsúsú fún ọkọ̀ náà. Iye tí à bá san oṣooṣù lórí gbèsè ọkọ̀ tuntun, a ń fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ sínú àkáǹtì tí a kì í fọwọ́ kàn. Mo ń jẹ́ kó gba ṣáàjì dé 80% lójoojúmọ́, ọ̀nà jíjìn nìkan ló ń mú kí n jẹ́ kó kún, mo sì ń wá ibòji gbé e sí.

Ohun méjì ló lè mú kí n tà á. Tí àlàfo àárín sẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti oṣù dé oṣù, n kò ní dúró dìgbà tó máa dákú lójú títì. Tí ẹ̀rọ tó ń gba iná wọlé tàbí èyí tó ń yí ẹsẹ̀ bá sì bàjẹ́ kí owó èsúsú tó tó o ṣe, a ó tà á bó ṣe wà. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi náà. Wọ́n ní kí n gbé e wá kí àwọn bá mi pààrọ̀ rọ́bà ẹsẹ̀ iwájú.