Fóòmù Abẹ́ Lámínéètì: Ohun Tó Ń Gòkè Wá Láti Ìsàlẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè

Lóṣù keje ọdún tó kọjá, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà pè mí sí ilé rẹ̀ ní Ìjàpọ̀. Ó ní ilẹ̀ pálọ̀ òun ń wú. Mo rò pé àsọdùn ni. Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí i pé pákó lámínéètì tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ ti gbéra láàárín pálọ̀, ó ti já ní oríkèé, etí rẹ̀ sì rí bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Mo ṣí pákó mẹ́ta. Omi lé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn wọn bí òógùn. Fóòmù tó wà lábẹ́ wọn tutù rinrin, ihò róbótó-róbótó sì wà lára rẹ̀ káàkiri, ihò tí wọ́n dìídì lù sí i láti ilé iṣẹ́.

Bàbá ní, "Káfíńtà, fóòmù yẹn kì í ṣe ti ọjà Àkúrẹ́ o. Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti London. Irú èyí tó tẹ́ sílé tirẹ̀ gan-an ni. Owó gidi ló ná an."

Owó gidi, lóòótọ́. Àmọ́ ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ń gbóná ni wọ́n ṣe é fún.

Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yúróòpù ló mú kí àwọn kan níbẹ̀ máa tẹ́ páìpù omi gbígbóná tàbí wáyà iná sínú ilẹ̀ ilé. Ooru á wá máa gòkè láti abẹ́ pákó. Fóòmù tó wà láàárín kò gbọdọ̀ dènà ooru yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ń lu ihò sára òmíràn. Nílé tiwa níbí, ta ló ń wá ooru kún ooru? Omi ló ń gòkè wá láti abẹ́ ilẹ̀ tiwa. Ihò tó jẹ́ kí ooru kọjá ní London, òun náà ló jẹ́ kí omi kọjá ní Ìjàpọ̀. Lámínéètì ò sì bá omi ṣeré: inú rẹ̀ kì í ṣe igi gidi, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gáàmù tẹ̀ pọ̀ ni. Tó bá ti wú, kò sí oòrùn tó lè dá a padà sí bó ṣe wà.

Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo ń bá nílé àwọn oníbàárà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Wọ́n á béèrè iye tí fóòmù jẹ́, wọ́n á béèrè bó ṣe nípọn tó, wọn ò ní béèrè ohun tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó ń dènà omi. Nígbà tí bíríkìlà bá fẹ́ da jámánì (jámánì ìpìlẹ̀ ilé ni mo wí o, kì í ṣe orílẹ̀-èdè), ó yẹ kó tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí yẹ̀pẹ̀ kó tó da kọnkéré lé e. Ilé mélòó ni wọ́n ti ń ṣe é? Bí wọ́n bá tiẹ̀ tẹ́ ẹ, àwọn lébìrà á fi ṣọ́bìrì àti bàrò ya á pẹ́rẹpẹ̀rẹ kí kọnkéré tó débẹ̀. Kọnkéré sì ń fa omi bíi kànìnkànìn. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá tí òjò fi ń rọ̀ sí Àkúrẹ́, pàápàá lápá ibi tó súnmọ́ odò Àlà, ilẹ̀ ò sinmi omi mímu. Ẹni tó bá tẹ́ táìsì lè má mọ̀. Ẹni tó bá tẹ́ lámínéètì á mọ̀.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ orí kọnkéré ni, ọ̀rá gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fóòmù, èyí tí kò tín-ín-rín ju 0.2 mm lọ. Níbi tí ọ̀rá méjì bá ti pàdé, kí ọ̀kan gun èkejì ní 20 cm, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa, kó sì gun ògiri díẹ̀ kí wọ́n tó fi pákó ẹsẹ̀ ògiri bò ó. Mo ti rí ẹni tó gán ọ̀rá píọ́ wọ́tà pọ̀ mọ́ra láti fi ṣe é ní Ọ̀bà-Ilé. Mo kí i fún sùúrù rẹ̀, torí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, àmọ́ gbogbo ojú ìránṣọ yẹn ni omi máa gbà.

Àwọn fóòmù kan wà tí wọ́n ti lẹ ọ̀rá mọ́ láti ilé iṣẹ́. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ rà, ẹ má tún tẹ́ ọ̀rá mìíràn sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ fẹ́ kó dájú. Omi tó bá há sáàárín méjèèjì kò ní ríbi gbà jáde.

Ọ̀rá nìkan ò sì ní gba ẹni tó ń kánjú là. Ẹ mọ ilé Kérésì: ẹni tó fẹ́ ṣílé lóṣù Kejìlá, tó da sìmẹ́ńtì ojú ilẹ̀ lóṣù kẹwàá, tó ní kí káfíńtà wá tẹ́ pákó lóṣù kọkànlá. Ìṣirò tí àwa oníṣẹ́ ń lò ni pé sìmẹ́ńtì ojú ilẹ̀ ń gbẹ ní 1 mm lóòjọ́, tí kò bá nípọn ju 50 mm lọ, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé dáadáa. 50 mm á gbà tó àádọ́ta ọjọ́, ti àkókò òjò á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ má bàa máa méfò, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní mítà kan sí mítà kan, ẹ lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá rí omi nínú ọ̀rá, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ibi tó kù lọ, ẹ sọ fún àlejò Kérésì pé orí sìmẹ́ńtì ni wọn yóò jókòó sí.

Èyí tó kù ni ti rírọ̀. Oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù, á fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù, á ní, "Èyí tó nípọn yìí ni mo fẹ́, ẹsẹ̀ á máa gbádùn." Ẹsẹ̀ á gbádùn fún oṣù mẹ́ta. Ẹnu lámínéètì kò gùn, ṣe ni pákó kan kàn gbé ẹnu wọ inú èkejì. Tí fóòmù bá rọ̀ jù, ìgbà gbogbo téèyàn bá tẹ pákó mọ́lẹ̀ ni ẹnu yẹn ń tẹ̀, títí tí yóò fi kán. 2 mm sí 3 mm ti tó. Ẹ má tẹ́ fóòmù ní ìlọ́po méjì, ẹ má sì fi rọ́ọ̀gì àtijọ́ ṣe fóòmù. Fóòmù kì í sì í tún ilẹ̀ tó ní kókó ṣe: bí ilẹ̀ bá rí bí iyán tí wọ́n gún lójú oorun, bíríkìlà ni kí ẹ pè, kó gbé réńjì (igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń mú ilẹ̀ tẹ́jú) lé e kó sì mú un tẹ́jú. Mo ń wò ó pé kí ìyàtọ̀ gíga má ju 3 mm lọ nínú mítà méjì.

Ti àwọn ènìyàn wa lókè òkun wá kù, torí àwọn náà ń fi fóòmù ṣàṣìṣe, ní òdìkejì tiwa. Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester, ilẹ̀ ilé rẹ̀ sì ní páìpù omi gbígbóná nínú. Lóṣù kejì ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí a ti tẹ́ pákó tuntun, ilẹ̀ ò gbóná mọ́, owó gáàsì sì ń lọ sókè." Mo ní kó ka ohun tó wà lára páálí fóòmù fún mi. Fóòmù 5 mm ni, 1.3 tog. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí ariwo ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀, òun ló ṣe rà á.

Tog ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà ooru tó. Òun náà ni wọ́n ń kọ sára bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dà bora níbẹ̀. Pákó 8 mm tirẹ̀ á súnmọ́ 0.6 tog fúnra rẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀: 1.9. Lórí ilẹ̀ gbígbóná, àpapọ̀ pákó àti fóòmù kò yẹ kó ju 1.5 tog lọ. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ ní m²K/W, ìyẹn ìwọ̀n mìíràn fún ìdènà ooru, 0.15 ni yóò jẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni àbúrò mi dà bo ilẹ̀ tó ń sanwó láti mú gbóná. Fóòmù tí kò tó 0.5 tog wà lọ́jà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ń gbọ́ pé wọ́n ń fi fóòmù líle tó nípọn, bíi 6 mm, sí ilẹ̀ gbígbóná, wọ́n á lọ rà á. Ti oníná ni wọ́n gbọ́. Níbi tí wọ́n bá ti tẹ́ ohun pẹlẹbẹ tó ń fi iná gbóná, abẹ́ rẹ̀ ni fóòmù líle yẹn ń wà, kí ooru má bàa lọ sínú kọnkéré. Ẹni tó ní páìpù nínú sìmẹ́ńtì tó tẹ́ irú rẹ̀ sókè páìpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ooru lójú.

Ilẹ̀ gbígbóná náà ń fẹ́ ọ̀rá tó bá jẹ́ orí sìmẹ́ńtì ni. Wọn a máa tan ooru ṣáájú kí sìmẹ́ńtì lè gbẹ, kí omi inú rẹ̀ má ju 1.8% lọ kí pákó tó débẹ̀. Ilẹ̀ tí kì í gbóná lè jẹ́ 2%. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé ooru sókè, ojú pákó kò sì gbọdọ̀ kọjá 27°C. Àwọn ará Kòríà ti ń mú ilẹ̀ gbóná láti ayébáyé, ondol ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ yẹn, mo rò pé Oǹdó tiwa ni wọ́n ṣì kọ.

Ti bàbá Ìjàpọ̀, gbogbo rẹ̀ la ṣí. A jẹ́ kí ọyẹ́ bá wa gbẹ ilẹ̀, a dán ọ̀rá wò lẹ́ẹ̀mejì, a sì tún un tẹ́ lóṣù kìíní: ọ̀rá dúdú nísàlẹ̀, fóòmù 3 mm tí a rà níbí lórí rẹ̀, àti àlàfo 10 mm létí ògiri. Páálí méjì ló kù nínú fóòmù oníhò tó ti London wá, wọ́n wà lórí àjà. Ọmọ wọn ní òun máa kó wọn padà tí òun bá wálé lọ́dún Àjíǹde, torí yàrá kan ṣì kù nílé òun. Bàbá ní kò burú, àmọ́ owó ẹrù tó bá pọ̀ jù ní pápákọ̀ òfurufú, òun ò ní sí níbẹ̀.