Bí Mo Ṣe So Ọmọlanke Mọ́ Boxer Mi Láti Kó Ẹrù Oko Wọ Iléṣà

Oko wa wà lẹ́yìn Òṣú, lójú ọ̀nà tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá sí Iléṣà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, kòkó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé èyí tó bá ti fara gbo lọ́nà máa ń dúdú kó tó dé ọjà, àwọn ìyá tó ń rà á ní ọjà Atakúnmọ̀sà ní Iléṣà á sì gé owó rẹ̀ wálẹ̀ láìwojú ẹni. Bí a ṣe ń kó o tẹ́lẹ̀ ni pé ká dì í mọ́ kárià máṣíìnì, ká so òmíràn rọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ká wá fi rọ́bà túbù fún un pa. Ọkọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí títì ni ọkọ̀ ń dúró sí. Láti inú oko dé títì, orí ni. Màámi ti rù ú tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ọmọlanke kékeré tí máṣíìnì mi ń fà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é fún ẹni tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu.

Ìbéèrè tí kálukú ń bi mí ni pé ṣé Boxer, ọ̀kadà mi, á lè fà á. Á fà á. Máṣíìnì tó ń gbé èrò méjì àti àpò sìmẹ́ǹtì gun òkè nílùú yìí, ohun tó ní táyà tirẹ̀ kò ní le fún un láti fà. Fífà kọ́ ni iṣẹ́, dídúró ni. Ẹrù tó wà lórí kárià ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ìyẹn sì ń jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú tí a bá tẹ bíréékì. Ẹrù inú ọmọlanke kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Táyà tirẹ̀ ló gbé e, táyà yẹn kò sì ní bíréékì, nítorí náà bí máṣíìnì bá fẹ́ dúró, ẹrù náà ṣì fẹ́ máa lọ, ẹ̀yìn yín ló sì wà. Ìlú wa kì í ṣe ìlú tó tẹ́jú. Bẹ́ ẹ bá gun gẹ̀rẹ́ kan, ẹ ó sọ̀ ọ́. Sísọ̀ yẹn ni mo fi gbogbo ọkàn rò kí n tó ra irin kankan.

Ìwọ̀n ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Boxer lásán, láìsí ẹni lórí rẹ̀, tó bíi kílò 110, ó sì lè lé díẹ̀. Mo pinnu pé ọmọlanke àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju máṣíìnì náà lọ. Bí ọmọlanke bá jẹ́ kílò 40, ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá 70. Àpò kòkó kan tí wọ́n wọ̀n dáadáa jẹ́ kílò 62.5, ọ̀kan ló gbà nìyẹn. Àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ 50, ọ̀kan náà ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ó kéré, kó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní gbà fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wẹ́dà tí mo gbé iṣẹ́ náà lọ bá lọ́nà Òkèsà, àgbàlagbà ni.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Oo, káàbọ̀, ọmọ mi. Kí la fẹ́ jó?”

Mo yàwòrán rẹ̀ sórí ilẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá fa táyà bárò méjì jáde lábẹ́ tábìlì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a padà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ṣe táyà bárò fún. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní béárínì gidi, irin ló ń yí lórí irin, bó bá sì tọ eré máṣíìnì á gbóná, á máa jẹ ara rẹ̀. Táyà iwájú ọ̀kadà ni mo rà, àlòkù méjì, oní-íǹṣì 17, irú èyí tí Boxer fúnra rẹ̀ ń lò, kí túbù kan tí mo bá gbé dání lè bá gbogbo wọn mu bí ọ̀kan bá jò láàárín igbó.

Ohun kan wà nínú táyà ọ̀kadà tí ẹ ò gbọdọ̀ fojú fò. Ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú. Bẹ́ ẹ bá dì í mú lápá kan ṣoṣo bíi ti ọkọ̀, ọjọ́ tó bá já sí kòtò ló máa tẹ̀. Nítorí náà, a fi áńgù, irin onígun, gba inú àti òde táyà kọ̀ọ̀kan, a sì jẹ́ kí pákó tí ẹrù ń jókòó lé wà láàárín táyà méjèèjì, kó rẹlẹ̀, kó má gun òkè táyà. Bí ẹrù bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ṣòro kó dojú dé.

Àwọn kan fẹ́ràn oní-táyà kan. Ó dára lójú ọ̀nà oko tóóró, torí ipa kan náà ni òun àti máṣíìnì ń tọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dá dúró, máṣíìnì ló ń gbé e ró, bí ẹrù bá sì fì sápá kan, apá yín lẹ ó fi dì í mú. Ọ̀nà oko tiwa gba táyà méjì, mo sì mú méjì. Ohun tó gbà ni pé kí ojú mi mọ ipa mẹ́ta dípò ẹyọ kan: kòtò tí máṣíìnì yẹ̀ lè jẹ́ kòtò tí táyà ọmọlanke máa wọ̀.

Ibi ìsopọ̀ ni iṣẹ́ náà wà gan-an. Kárià ni ojú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń lọ, torí ó ti wà níbẹ̀, ó sì dà bíi pé ó le. Ẹ má so ó mọ́ kárià. Kárià ga, ó sì yọ sẹ́yìn kọjá ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀, ohun tó bá ń fà á wálẹ̀ níbẹ̀ yóò máa gbé iwájú máṣíìnì fúyẹ́, táyà iwájú tó bá sì ti fúyẹ́ kì í gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu. Páìpù nínípọn la tẹ̀ yí ẹ̀yìn táyà ká, a sì fi bóòtì dè é mọ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ èrò lọ́tùn-ún lósì àti ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì wà. Imú rẹ̀ wá bọ́ sí ẹ̀yìn táyà gẹ́lẹ́, ní ọ̀gangan àárín rẹ̀, kò ga, kò rẹlẹ̀. Bóòtì la lò, a ò jó o mọ́ férémù, torí iná wẹ́dà lè sọ irin tín-ínrín di ẹlẹgẹ́ nítòsí ibi tó ti jó. Ìgbà tí a sì ní láti jó nǹkan díẹ̀ lára páìpù náà lórí máṣíìnì, mo kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì sílẹ̀.

Ọkọ̀ ń yí sọ́tùn-ún àti sósì, ó ń gun òkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Máṣíìnì ń ṣe gbogbo èyí, ó sì tún ń fẹ̀gbẹ́ tẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yà ní kọ́nà. Ọmọlanke táyà méjì kì í fẹ̀gbẹ́ tẹ̀. Bí ìsopọ̀ kò bá yọ̀ǹda kí máṣíìnì tẹ̀, ọmọlanke ni yóò dì í mú lóòró, ẹ ò ní lè yà, ẹ ó gba igbó lọ. Kọ́rọ́ọ̀sì, irin alágbèélébùú tó ń jẹ́ kí ìsopọ̀ ṣẹ́, tí wọ́n yọ lára ṣáàfù ọkọ̀ la fi ṣe ìyísọ́tùn-ún-sósì àti òkè òun ìsàlẹ̀. Ti ẹ̀kẹta yìí, ìyẹn fífẹ̀gbẹ́ tẹ̀, Bàbá ló rí ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ki páìpù kan bọ inú páìpù mìíràn tó gbà á ṣinṣin, wọ́n fi gírísì sí i, wọ́n wá de orí rẹ̀ pẹ̀lú wásà àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n lu ihò sí, kí kọ́tápìnì, irin tín-ínrín tó ń di nọ́ọ̀tì mú, lè gba ibẹ̀ kọjá, kí nọ́ọ̀tì má baà tú bó ṣe ń yí. Mo gbé máṣíìnì tẹ̀ sápá ọ̀tún, ọmọlanke dúró lórí ilẹ̀ láìmira. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni.

Lábẹ́ ìsopọ̀ yìí, ṣéènì méjì tó dábùú ara wọn wà níbẹ̀. Bí kọ́rọ́ọ̀sì bá já, orí ṣéènì ni ọ̀pá iwájú ọmọlanke máa balẹ̀ sí, kò ní gún títì, kò sì ní sá lọ bá ẹni ẹlẹ́ni.

Iná kò gbà wá lákòókò. Ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, fa iná ẹ̀yìn, iná bíréékì àti tírafikétọ̀ tí a fi ń júwe ibi tí a fẹ́ yà sí lọ sí ìdí ọmọlanke, oní-LED ni gbogbo rẹ̀ kó má fa iná máṣíìnì gbẹ. Mo fi àwo pupa tó ń dán síbẹ̀ lápá méjèèjì. Àwọn tírélà ń sáré lọ́nà Ifẹ̀, kí wọ́n rí wa láti òkèèrè ni mo fẹ́.

Bí a ṣe ń to ẹrù ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọlanke tó ń tẹ̀lé èèyàn jẹ́ẹ́ àti èyí tó ń bá èèyàn jà. Ìwọ̀n díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ ibi ìsopọ̀ mọ́lẹ̀, bí ìdá mẹ́wàá gbogbo ẹrù tàbí kó lé díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kílò 110, kílò 11 sí 16 ni kó wà ní imú ọ̀pá iwájú. Mo yá ìwọ̀n àgbékọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó ládùúgbò wa, mo fi gbé imú ọ̀pá náà sókè, mo sì ń sún ẹrù síwá sẹ́yìn títí ìwọ̀n fi bọ́ síbi tí mo fẹ́. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, ìdí ọmọlanke á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá ti ń yára díẹ̀, jíjù náà á sì máa le sí i. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ bíréékì gìrì, ẹ kàn fi ọwọ́ dẹ epo, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹrù bá sì pọ̀ jù níwájú, ìsopọ̀ á rin mọ́lẹ̀, ọwọ́ máṣíìnì á máa fúyẹ́.

Màámi ló mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tò. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀, ìdì tó wúwo jù bọ́ síwájú ọ̀pá táyà díẹ̀, àwọn kéékèèké tẹ̀lé e sẹ́yìn, ewé láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá fi tapólì bò ó, mo fi okùn dè é láti ìgun dé ìgun. Rọ́bà túbù ń nà, òun nìkan kò tó. Àwọn ọmọ tó wà lóko fẹ́ gun un. Mo kọ̀ fún wọn, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, kò sí ohun tí ọmọ á dì mú níbẹ̀.

Kó tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rárá, pápá kan tó ṣófo ni mo ti kọ́kọ́ gùn ún, láìsí ẹrù, lẹ́yìn náà pẹ̀lú àpò iyẹ̀pẹ̀. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń yà, torí ọmọlanke máa ń gé kọ́nà kúrú, táyà rẹ̀ tinú á gba ibi tí máṣíìnì kò gbà. Ẹ kọ́ ìdúró jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń bẹ̀rù bíréékì iwájú, ti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Pẹ̀lú ọmọlanke, méjèèjì lẹ ó jọ lò, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí máṣíìnì ṣì dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gìrì nígbà tí máṣíìnì ti fẹ̀gbẹ́ tẹ̀, ẹrù á ti ìdí rẹ̀ sígbó. Ẹni tó bá sì sáré ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ìrìn tó máa rìn kó tó dúró. Lórí títì, mi ò kọjá kìlómítà 40 láàárín wákàtí. Lójú ọ̀nà oko, kò tó ìdajì rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo yí padà lára ibi tí agbára ti ń jáde ni sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, irin eléyín tó ń fa ṣéènì. Mo fi èyí tí eyín rẹ̀ dín ẹyọ kan sí i. Eré dín, ìfà pọ̀, kílọ́ọ̀ṣì kì í sì í jó bí mo bá ń gbéra lórí gẹ̀rẹ́. Kí n tó dé ìdí òkè ni mo ti ń já jíà wálẹ̀, n kì í dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń kérora.

Sísọ̀ kalẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí. Àwọn èèyàn wa máa ń pa ẹ́ńjìnì tàbí kí wọ́n já a sí nútírà lórí gẹ̀rẹ́ kí epo lè pẹ́. Pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ra epo yẹn. Jíà kejì ni mo máa ń fi sí lókè pátápátá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ́ńjìnì á máa fà á sẹ́yìn, bíréékì á sì wà nílẹ̀ fún ìgbà tí ewúrẹ́ tàbí ọmọ bá já wọ ọ̀nà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ já ẹrù ní Atakúnmọ̀sà, alábàárù kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Mo sáré dá a dúró. Ẹ̀yìn la ti ń já a. Bí iwájú bá kọ́kọ́ ṣófo, ẹ̀yìn á rin ìdí ọmọlanke mọ́lẹ̀, imú ọ̀pá á sì fẹ́ gbé máṣíìnì nílẹ̀. Òkúta sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn táyà kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé rẹ̀, àwọn oníbàárà kò rí ibi tí wọ́n máa fìka tọ́.

Bí mo bá ti délé, mo máa ń fọwọ́ kan àárín táyà méjèèjì. Tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, kò burú. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, béárínì ń bẹ̀bẹ̀ fún gírísì tàbí kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ń wo ṣéènì máṣíìnì náà, torí ó ń yára dẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì ń fi sípánà kan gbogbo bóòtì ìsopọ̀.

Bíréékì ti ọmọlanke gan-an ni mo ń lé báyìí. Dúrọ́ọ̀mù àti ṣúù rẹ̀ ṣì wà nínú táyà àlòkù tí mo rà. Kébù tó máa fa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà dì mú ṣáájú èkejì, ni a ń wá. Bàbá ti ní kí n gbé e wá bí a bá ti kórè kòkó tán.